Àlùbọ́sà àti Wàrà Nínú Ààrò: Ẹ̀kọ́ Kan fún Olùkọ́ Ìtọ́jú Ilé

Nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá, a máa ń rí oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní casserole alálùbọ́sà. Orúkọ náà kò ní awo kankan nínú. Casserole ni àwọn Faransé ń pe irú ìkòkò kan tí a fi ń se nǹkan, oúnjẹ tí a bá sì gbé dé orí tábìlì nínú ìkòkò kan náà tí ó ti jinná ni ó jogún orúkọ ìkòkò. A ó gé àlùbọ́sà tí ó dùn, a ó fi wàrà àti mílíìkì sí i, a ó wọ́n èérún búrẹ́dì lé e lórí, a ó sì gbé e sínú ààrò títí orí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ yó. Ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì, ẹ̀gbẹ́ iṣu sísè, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹja yíyan ni a ń bù ú sí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàpọ̀ mọ́ wa lójú, nínú àròkọ yìí, mílíìkì ni n ó máa pe èyí tí a ń mu, wàrà ni n ó sì máa pe èyí tí ó ti dì.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbà, láìsọ ọ́ jáde, pé ohun mẹ́ta wà nílé akẹ́kọ̀ọ́: ààrò tí ń lo gáàsì tàbí iná mọ̀nàmọ́ná, wàrà tí ń yọ́ bí ìda, àti àlùbọ́sà tí kì í ta ni lójú. Àwọn àgbà wa sì wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ní Nima, ní Madina, ní Ashaiman tàbí ní Jamestown. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọ̀nyí, àdògán onírin tí a ń fi èédú dáná sí, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní coal pot, ni ohun ìdáná. Wàrà òyìnbó wà ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé. Olùkọ́ tí ó bá mú ìwé yìí lọ sí kíláàsì bí ó ti wà yóò ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì: yóò fo ẹ̀kọ́ náà, tàbí kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó kí àwọn ọmọ dà á kọ láìse é. Èyí èkejì ni ó burú jù, nítorí ọmọ tí ó bá ń da oúnjẹ kọ láìfọwọ́ kàn án yóò gbàgbọ́ láìpẹ́ pé ìlú ẹlòmíràn ni oúnjẹ gidi wà, àti pé ohun tí ìyá rẹ̀ ń sè kò yẹ ní kíkọ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí a fẹ́ fi se oúnjẹ yìí wà ní ọjà Accra, bí olùkọ́ bá mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe bí ó ti ń ṣe.

Àlùbọ́sà ni kí a kọ́kọ́ mú. Àwa tí a ti ilẹ̀ púpọ̀ wá jọ kẹ́kọ̀ọ́ kò fi orúkọ kan náà pè é. Yorùbá ń pè é ní àlùbọ́sà, Hausa ń pè é ní albasa, inú èdè Lárúbáwá sì ni orúkọ méjèèjì ti wá, níbi tí a ti ń pè é ní al-basal. Àwọn Akan ń pè é ní gyeene. Àwọn Ewe ń pè é ní sabala, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ cebola rí lẹ́nu ará Pọtogí yóò ronú sí i. Orúkọ wọ̀nyí nìkan tó láti mú kí ọmọ kíláàsì béèrè nípa ọ̀nà aṣálẹ̀ àti ọ̀nà òkun.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè rí rà ní Accra. Èkíní ni èyí tí ó ti Galmi wá, ìlú kan ní ẹkùn Tahoua ní orílẹ̀-èdè Niger. Ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Òun ni ó pọ̀ jù nínú àpò àwọn oníṣòwò láti Niger títí dé etí òkun, ní Gánà, ní Tógò, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Côte d'Ivoire. Èkejì ni ti Bawku, ní òkè àríwá ìlà-oòrùn Gánà, tí ó pọ́n tí ó sì ta ní ẹnu. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò mọ̀ ọ́n.

Ní Anloga àti agbègbè Keta, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà sáàárín òkun àti ọ̀sà. Yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò rò pé kò sí ohun tí ó lè hù ju àgbọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn Anlo ti sọ ibẹ̀ di oko àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń pín sí méjì mẹ́ta nínú èèpo kan. Ebè kéékèèké ni wọ́n ń ṣe, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ìgun mẹ́rin. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ẹja bọ́ yanrìn náà, wọ́n sì ń fa omi láti inú kànga tí kò jìn láti wọ́n ọn. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ó ti tó wú. Kò tóbi, kò sì yá ní bíbó, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwọ̀nba iná sè é, adùn rẹ̀ tayọ ti àwọn méjì ìyókù. Bí owó kíláàsì bá gbà á, kí olùkọ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Galmi.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Agbogbloshie ni ojúkò àlùbọ́sà ní Accra. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni ìjọba ẹkùn náà ti kó àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà lọ sí Adjen Kotoku, ní ẹ̀yìn odi ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àpò kan fún ilé ẹ̀kọ́ ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má lọ wá ọjà síbi tí ọjà ti kúrò. Owó àlùbọ́sà kì í sì í dúró sójú kan. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì tò rẹrẹẹrẹ ní Malanville ní ààlà Bẹ̀nẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2024 ni àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Nítorí náà, ohun tí ọmọ fi bọ inú ìkòkò ní Accra lè ṣófo ní ọjà nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Niamey, èyí sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tí ó rọrùn láti kọ́ ju ti inú àwòrán lọ.

Nísinsìnyí, kí ni ìwé òyìnbó ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé àlùbọ́sà tí ó dùn? Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Moses Coleman, ní agbègbè Toombs, rí i ní ọdún 1931 pé àlùbọ́sà tí òun gbìn kò ta. Láti ibẹ̀ ni òkìkí àlùbọ́sà Vidalia ti bẹ̀rẹ̀, títí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní ọdún 1986 pé kìkì èyí tí a gbìn ní àwọn agbègbè kan ni a lè pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ṣúgà inú rẹ̀ ni ó pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn ibẹ̀ kò ní imí ọjọ́ púpọ̀ nínú, láti ara imí ọjọ́ sì ni títa àlùbọ́sà ti ń wá. Bí títa bá dín kù, ahọ́n wa yóò ráyè mọ adùn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlùbọ́sà ti Bawku pẹ̀lú ní ṣúgà. Títa rẹ̀ ni ó bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Títa náà kò tilẹ̀ sí nínú àlùbọ́sà tí a kò tíì gé. Nígbà tí ọ̀bẹ bá ya ara rẹ̀ ni àwọn èròjà tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò pàdé ara wọn, tí enzyme inú rẹ̀ yóò sì sọ wọ́n di èéfín tí ń fa omijé. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan fi hàn pé enzyme kan wà lọ́tọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣe èéfín náà. Ọ̀bẹ tí ó mú kì í fọ́ ara àlùbọ́sà púpọ̀, nítorí náà omijé rẹ̀ kéré. Ọ̀bẹ kíkú ni ó ń fìyà jẹ ọmọ. Kí a gé ìdí rẹ̀ kẹ́yìn. Bí iná bá sì kàn án, enzyme náà yóò kú, èéfín yóò fò lọ, omi tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ yóò máa gbẹ, ṣúgà rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sójú kan. Nítorí náà, ẹni tí kò ní Vidalia kò ṣaláìní nǹkan kan. Sùúrù àti iná tí kò le ni ó nílò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo wá kan wàrà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Àwọn ìyá Fúlàní ni wọ́n ń ṣe é. Ní Gánà àti ní Bẹ̀nẹ̀ a ń pè é ní wagashi; Yorùbá ń pè é ní wàrà tàbí wàràkàṣì, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa sì mọ orúkọ náà, nítorí wọ́n lò ó fún ohun tí Dáfídì gbé lọ sí ojú ogun. Ní Ìlọrin àti Ṣakí, funfun ni a mọ̀ ọ́n sí, ó sì máa ń rọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ wọ́n a máa fi ewé ìdí pòròpóró ọkà bàbà sè é kí awọ rẹ̀ lè pọ́n, irú èyí náà sì ń dé ọjà Accra. Ẹni tí ó ti ra wáákyé ní òwúrọ̀ ní ìlú yìí ti mọ wàrà díndín tí wọ́n ń fi lé e lórí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a gbé mílíìkì màlúù ka iná títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Wọn a gún ewé àti ọ̀pá bọmubọmu, wọn a fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì da omi rẹ̀ sínú ìkòkò. Enzyme inú oje bọmubọmu ni ó ń mú mílíìkì dì. Bí ó bá ti ń sùpọ̀, wọn a mú kí iná le sí i títí yóò fi hó, wọn a sì bu ìṣùpọ̀ náà sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kí ó sì gba ìrísí apẹ̀rẹ̀ náà. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí ó ń ṣe é kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ó yẹ láti fi igi sí iná àti ìgbà tí ó yẹ láti fà á jáde.

Mo rí i pé àwọn kan nínú wa a máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí tán, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ nípa Fúlàní bí ẹni pé àlejò àná ni wọ́n. Kí Yorùbá tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Accra rántí pé ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó di ẹrù wọn lọ jẹ́ oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Òfà àti àwọn ìlú wa mìíràn, tí ọmọ wọn kò mọ ilé mìíràn ju Gánà lọ. Títí di òní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú níhìn-ín, Alata sì ni wọ́n ń pe àwa. Bí olùkọ́ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà, kí ó pe ìyá náà wá sí kíláàsì kí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ tí ó yẹ ìyá pè é.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ dán ṣíṣe wàrà wò fúnra wọn. Oje bọmubọmu ní oró, bí ó bá ta sí ojú, ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Mílíìkì tí a kò sè pẹ̀lú lè gbé kòkòrò ikọ́-ẹ̀gbẹ àti ti àrùn tí a ń pè ní brucellosis wọ inú ènìyàn. Wàrà tí a rà ní ọjà ti hó nígbà kan, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ àti eṣinṣin ti kàn án láti ìgbà náà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe sí i ni pé kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a sì fi omi oníyọ̀ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má ṣe fo èyí nítorí pé àkókò kò tó. Bí àkókò kò bá tó, kí a se oúnjẹ mìíràn ní ọjọ́ náà.

Olùkọ́ tí ó bá wá gbé wàrà lé orí àlùbọ́sà, tí ó sì ń retí pé kí ó yọ́ bí ti inú àwòrán, yóò dúró títí. Wàrà Fúlàní kì í yọ́. Ó ní ìdí. Wàrà òyìnbó bí irú Cheddar ti kan díẹ̀ kí wọ́n tó fún un; kíkan náà sì ti yọ lára kálísíọ̀mù tí ó so àwọn purotéènì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bí ooru bá kàn án, ìdè tí ó ti dẹ̀ náà yóò tú, wàrà yóò sì ṣàn. Ti Fúlàní kò kan bẹ́ẹ̀, kálísíọ̀mù rẹ̀ ṣì dì í mú, híhó tí ó sì hó ti so purotéènì omi wàrà pàápàá mọ́ ọn. Bí a bá fi sí iná, yóò gbẹ, yóò pọ́n, ṣùgbọ́n kò ní ṣàn. Paneer ti ilẹ̀ Íńdíà àti halloumi ti erékùṣù Cyprus rí bákan náà, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé àbùkù ni fún wọn. Àbùkù wà nínú ìwé tí kò sọ fún wa pé wàrà ju oríṣi kan lọ.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a má retí yíyọ́ lọ́dọ̀ wàrà, kí a wá a sí ibòmíràn. A ó fọ́ wàrà náà kúnná, a ó sì fi ọbẹ̀ funfun, èyí tí a fi bọ́tà, ìyẹ̀fun àti mílíìkì ṣe, gbé e ró. Ẹyin yóò sì mú gbogbo rẹ̀ dì pọ̀ nínú ààrò. Ohun kan ṣì kù, òun ni ìtọ́wò. Wàrà òyìnbó ti pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa, pípẹ́ náà ni ó fún un ní òórùn. Wàrà Fúlàní jẹ́ tuntun, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Mo dábàá irú. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní irú kò bá mílíìkì rìn. Kí wọ́n fi ṣíbí tíì kan péré, tí a ti fọ̀ tí a sì ti gún kúnná, sínú ọbẹ̀ funfun náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Dawadawa tí wọ́n ń tà ní ọjà Nima kò yàtọ̀ sí i.

Nípa ti ààrò, ẹni tí ó bá ní èyí tí ń lo gáàsì, kí ó gbé e sí ìwọ̀n 180 ti Celsius. Ẹni tí kò ní, kí ó wá ìkòkò irin ńlá tí ó nípọn tí ó sì ní ọmọrí. Kí ó da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka mẹ́ta, kí ó to òkúta gbígbẹ mẹ́ta pẹlẹbẹ lé e. Òkúta odò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ lè fọ́ pẹ̀lú ariwo, kí a má ṣe lò ó. Kí ó dé e, kí ó gbé e ka orí àdògán fún ogún ìṣẹ́jú. Láti mọ̀ bí ó bá ti gbóná tó, kí ó wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ọmọrí agolo, kí ó gbé e sínú ìkòkò náà. Bí ìyẹ̀fun bá pọ́n bí àwọ̀ èpà díndín lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ooru tó. Bí ó bá dúdú, kí ó yọ èédú díẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá gbé àwo wọ inú rẹ̀, a ó kó ẹyin iná díẹ̀ lé orí ọmọrí, nítorí láti òkè ni pípọ́n ti ń wá. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe èyí, tàbí lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri. Èéfín èédú tí a kò rí, tí kò sì ní òórùn, ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá tí a ti pa.

Fún ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ohun tí a ó rà ni wọ̀nyí: àlùbọ́sà kílò kan, wàrà ìdá mẹ́rin kílò, bọ́tà tàbí òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ìyẹ̀fun àlìkámà ṣíbí ìjẹun méjì, mílíìkì inú agolo kékeré kan tí kò ní ṣúgà, ẹyin méjì, irú ṣíbí tíì kan, ìyèré díẹ̀, iyọ̀, àti búrẹ́dì àná tí ó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní tea bread ni kí a lò, kì í ṣe sugar bread, nítorí ṣúgà èyí yóò jóná kí inú àwo tó dì.

Ẹ gé àlùbọ́sà ní òbìrípo tín-ín-rín. Ẹ fi ìdajì bọ́tà sínú ìkòkò, ẹ da àlùbọ́sà sí i pẹ̀lú iyọ̀ fíńtín, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná tí kò le. Iyọ̀ yóò fa omi rẹ̀ jáde. Ẹ ṣí i, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Ní ibí yìí ni àwọn ọmọ yóò ti fẹ́ kóyán iná, nítorí wọn yóò rò pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n tọ́ ọ wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ ohun tí ahọ́n wọn sọ sílẹ̀: títa ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kò ta kò dùn, lẹ́yìn náà dídùn. Òkìtì tí ó kún ìkòkò yóò ti rọlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí oyin. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ fi omi ṣíbí kan tú u.

Nínú ìkòkò mìíràn, ẹ yọ́ bọ́tà ìyókù, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì láìjẹ́ kí ó pọ́n. Ẹ fi omi tí ó kún agolo mílíìkì náà lẹ́ẹ̀kan lú mílíìkì, kí ẹ sì máa dà á sí ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró kí ó má baà ní kókó. Bí ó bá ti ki tó láti bo ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi irú, ìyèré àti iyọ̀ sí i. Ẹ po ẹyin méjèèjì nínú àwo lọ́tọ̀. Ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná náà díẹ̀ sínú ẹyin ná, ẹ pò ó, kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá da ẹyin sínú ọbẹ̀ gbígbóná lójijì, yóò dì bí ẹyin díndín. Ẹ wá fọ́ wàrà tí a ti sè sínú rẹ̀ títí yóò fi kúnná bí gààrí, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀.

Ẹ fi bọ́tà ra inú àwo tánganran, ẹ tẹ́ àlùbọ́sà sí i, ẹ da ọbẹ̀ wàrà lé e, ẹ fi ṣíbí gún un díẹ̀ kí ó lè wọ ìsàlẹ̀. Ẹ po ẹ̀kúnwọ́ wàrà tí ó kù mọ́ èérún búrẹ́dì àti òróró díẹ̀, ẹ wọ́n ọn sí orí rẹ̀. Nínú ààrò gáàsì, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí márùndínlógójì ni yóò lò. Nínú ìkòkò oníyanrìn, kí a fún un ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì, kí a má sì máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ó jinná bí ọ̀bẹ tí a fi gún àárín rẹ̀ bá jáde láìní omi. Kí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó bù ú, nítorí yóò túbọ̀ dì bí ó ti ń tutù.

Fún kíláàsì ogójì ọmọ, àwo márùn-ún tó, ọmọ mẹ́jọ sí àwo kan. Kí ẹgbẹ́ kan lo àlùbọ́sà Galmi nìkan, kí òmíràn lo ti Bawku, kí ẹ̀kẹta fi ti Anloga kún un, kí wọ́n sì tọ́ ti ara wọn wò. Ẹgbẹ́ kan lè dín wàrà tirẹ̀ ná kí wọ́n tó fọ́ ọ. Ní ti èmi, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ gba òróró sí i. Kí wọ́n kọ iye sídì tí wọ́n ná sí ohun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pín in fún ènìyàn mẹ́jọ, kí wọ́n sì lọ wo iye wàrà òyìnbó ní ilé ìtajà kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe.

Ẹyin àti mílíìkì kì í dúró nínú ooru Accra. Níbi tí kò bá sí fíríìjì, ọjọ́ náà ni kí a jẹ ẹ́ tán. Wàrà tí a kò tíì lò nìkan ni ó lè di ọjọ́ kejì, bí a bá tún sè é nínú omi oníyọ̀ ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń tà á ti ń ṣe. A sì lè gé e, kí a fi ata àti iyọ̀ pa á lára, kí a dín in fún wáákyé.